Ẹsẹ̀ Tí Bàbá Àgbà Fọkàn Tán

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná. Ẹkún ti tó. A ti sun ún fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, ojú gbogbo wa ti wú. Ohun tó kù nínú mi báyìí kì í ṣe omi ojú.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí bàbá tó bí bàbá mi papò dà, lẹ́yìn àdúrà, nígbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì, àwọn àgbà jókòó síwájú ilé wa ní Ẹ̀jìgbò, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n rántí nípa olóògbé. Ẹnì kan ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ẹlòmíràn ní wọn kì í pẹ́ dé mọ́ṣáláṣí. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí gbohùngbohùn fi dé ọwọ́ àbúrò wọn, tí a ń pè ní Bàbá Masifa nítorí pé ìlú Masifa ni wọ́n kọ́lé sí. Bàbá Masifa na ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn tí kò ṣeé ká síwájú, wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí Pijó àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n ní:

"Ẹ wo mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni láyé yìí. Àtúnṣe bíréèkì, iṣẹ́ ẹni méjì, àwọn nìkan ni wọ́n ń dá a ṣe. Ahun ni wọ́n. Bí ẹ bá rò pé mò ń purọ́, ẹ bi orúnkún mi."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìrẹsì wa wà lẹ́nu wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé àwo ọwọ́ mi kalẹ̀, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá bí màá ṣe kọ èyí.

N kò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí Bàbá àgbà, kó máa wá a kiri. Àwọn gan-an ní ọdún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó bá bá ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà mu ni wọ́n máa ń mú jáde. Èyí tó dá mi lójú ni pé wọ́n wa ọkọ̀ ẹrù ní Àbíjàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó wá sílé, àti pé gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n ní Alájì, bẹ́ẹ̀ wọn kò dé Mẹ́kà rí. Mo máa ń fi èyí yọ wọ́n lẹ́nu. Màá ní, "Bàbá àgbà, ọ̀nà wo lẹ gbà lọ sí Mẹ́kà tẹ́ ẹ fi já sí Àbíjàn?" Wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀. "Mo ti ní kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀," wọ́n á ní. "Wọ́n ní mo ń rẹ ara mi sílẹ̀ ni. Wọ́n wá ń pè mí ní Alájì àgbà."

Ní ti ahun, ẹ gbà mí láyè kí n dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Mọ́tò tí wọ́n ń fi ọ̀pá tọ́ka sí yẹn ló gbé aya Gàníyù káfíńtà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa, lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ọmọ fẹ́ jáde. Ó gbé àwọn aláìsàn láti oko, ó gbé iṣu ẹni tí kò lè rí ọkọ̀ gbà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Gàníyù wà níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ yẹn, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bi í ní kí ló pa á lẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí. Bàbá Masifa ló ń sọ̀rọ̀. Àgbà ni." Ẹ rántí ìdáhùn yìí dáadáa, torí irú rẹ̀ ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Òótọ́ ni pé àwọn nìkan ni wọ́n ń ṣe bíréèkì náà. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń wò wọ́n. Wọ́n á ti òkúta bọ abẹ́ táyà kí ọkọ̀ má baà yí, wọ́n á fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè. Wọ́n á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ẹnu nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lẹ́yìn táyà, wọ́n á ki ẹnu kejì rẹ̀ sínú ìgò tí wọ́n ti bu òróró bíréèkì sí, kó lè rì sínú òróró, kó má baà fa atẹ́gùn padà. Wọ́n á tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀, wọ́n á di ìbàdí mú, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ jókòó sí àyè awakọ̀, wọ́n á máa rọra tẹ bíréèkì. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó jókòó síwájú ṣe fẹ́ rí ìgò tó wà nídìí táyà ẹ̀yìn? Ibẹ̀ ni dígí Ìyá àgbà, aya wọn, ti wọ inú iṣẹ́ náà. Wọ́n á gbé dígí náà ti bíríkì, wọ́n á máa yí i síbí yí i sọ́hùn-ún títí wọ́n á fi rí ìgò láti ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Bí òróró inú ìgò bá ṣì ń hó, atẹ́gùn ṣì wà níbẹ̀. Bí kò bá hó mọ́, wọ́n á lọ dí nọ́ọ̀tì, wọ́n á bọ́ sí táyà mìíràn. Iṣẹ́ tí ẹni méjì ń ṣe tán kí oúnjẹ tó jinná, wọ́n á fi odindi àárọ̀ ṣe é.

Ìyá àgbà jà lórí dígí yẹn títí àwọn náà fi papò dà. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan láti ojú fèrèsé.

"Alájì, táyà lẹ ń fi dígí mi wò?"

"Táyà ni."

"Ó rẹwà tó mi?"

"Ìwọ lo rẹwà jù."

"Ẹ wò ó, ẹ ò tiẹ̀ wo ojú mi kẹ́ ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá àgbà gbé orí sókè láti ìdí táyà, òróró wà ní ìmú wọn. "Ìwọ náà ti wá rí i," wọ́n ní. "Dígí yìí nìkan ni kì í pọ́n èèyàn lé nínú ilé yìí."

Ìyá àgbà rò pé àwọn ni wọ́n ń bá wí. Èmi tí mo wà lójú fèrèsé ni ọ̀rọ̀ náà bà.

Nítorí pé wọn kì í dá a ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé láti Àbíjàn, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é ni wọ́n ń ṣe é. Ẹnì kan á wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú sípánà, ẹnì kan á wà lókè. Ti òkè á tẹ bíréèkì, á tẹ̀ ẹ́, á tẹ̀ ẹ́, á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò ní gbé ẹsẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ á tú nọ́ọ̀tì, òróró àti atẹ́gùn á jáde, á dí i padà. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Ìgbà náà ni ti ìsàlẹ̀ á wá béèrè bóyá ó ti le. Bí bíréèkì bá rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, atẹ́gùn kò tíì tán. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nìkan ló mọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ni wọ́n á fi wọ títì.

"Ní Àbíjàn," Bàbá àgbà máa ń sọ, "mo ní ọmọ iṣẹ́ kan, ọmọ ẹ̀yà Bàúlé ibẹ̀. Màá bi í ní Faransé pé, 'Sé bọ̀ǹ?' ìyẹn, ṣé ó ti dáa. Bí kò bá tíì dáa, á ní, 'Nọ̀ǹ.' Kò bú mi, kò bẹ̀ mí. Nọ̀ǹ, ó parí, a ó tún un ṣe."

Ní Ẹ̀jìgbò, Gàníyù káfíńtà ni wọ́n kọ́kọ́ pè.

"Gàníyù, ṣé ó ti le?"

"Ó ti le, Alájì."

Wọ́n jáde lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ wọn lọ láìdúró títí ó fi kan ilẹ̀ mọ́tò.

"Gàníyù, èyí ló le?"

"Ẹ má bínú, Alájì. Ẹ ti wà nínú eruku láti àárọ̀, aṣọ yín ti bàjẹ́. Ta ni mí tí màá la ẹnu pé iṣẹ́ yín kò dáa?"

Wọ́n pe àna wọn kan. Àna yẹn tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó wọ inú ọkọ̀. "Ó le gan-an, Bàbá," ó ní, bẹ́ẹ̀ ni bíréèkì rọ̀ bí àkàrà inú ọbẹ̀. Wọ́n pe aládùúgbò kan tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Òun náà ní ó ti le, ó tún ṣàdúrà lé e. Bí irun orí Bàbá àgbà ṣe ń funfun sí i ni bíréèkì wọn ń le sí i lẹ́nu àwọn èèyàn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ibi fún wọn. Gbogbo wọn ló ń bọ̀wọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn, torí mi ò rí ẹni tí màá bú.

"Àṣàbí," wọ́n sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, "ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n kọ́ àwọn èèyàn yìí ni yóò pa mí."

Báyìí ni wọ́n ṣe mú mi. Mo ti lé díẹ̀ ní ogún ọdún nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo jókòó sílé, mò ń retí iṣẹ́. Wọn ò mú mi torí pé mo gbọ́n. Ẹnu mi ni wọ́n fẹ́. Ẹlẹ́nu ni gbogbo ilé ń pè mí, Ìyá àgbà sì máa ń fi ọwọ́ lérán, wọ́n á ní ta ni yóò fẹ́ èyí. Bàbá àgbà á ní, "Fi í sílẹ̀. Ẹnu yẹn ni mo fi ń wa ọkọ̀."

Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà ju iṣẹ́ olùkọ́ lọ. Màá jókòó sí àyè awakọ̀ bí ọ̀gá.

"Àṣàbí, sé bọ̀ǹ?"

"Nọ̀ǹ. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì."

"Báyìí ńkọ́?"

"Nọ̀ǹ. Ẹ padà sábẹ́ ọkọ̀, ẹ̀yin bàbá yìí, iṣẹ́ kù."

Gàníyù á fi ọwọ́ di etí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Alájì, ọmọ yìí ló ń bá yín sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Gàníyù, ìwọ lo bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa. Díẹ̀ ló kù kí n wa ọkọ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ."

Ó tó ọdún kan tí a fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Bíréèkì Pijó yẹn kò le tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ti dé ibi tí mi ò fẹ́ dé báyìí.

Ìgbéyàwó kan wà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Bàbá Masifa wá láti ilé wọn ní kùtùkùtù kí àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn lè jọ lọ. Orúnkún wọn méjèèjì ṣì ń ká dáadáa nígbà náà, wọ́n sì wọ agbádá funfun tí kò ní àbàwọ́n kankan. Wọ́n bá wa nídìí ọkọ̀. Bàbá àgbà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, èmi wà lókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tún ni ẹ wà lábẹ́ mọ́tò? Wọ́n á ti so yìgì tán ká tó dé."

"Ó ku díẹ̀," Bàbá àgbà dáhùn. "Àṣàbí, sé bọ̀ǹ?"

"Nọ̀ǹ. Ẹ tún un ṣe."

Bàbá Masifa yíjú sí mi. Wọ́n wò mí bí ẹni tó rí ewúrẹ́ lórí àga. "Ẹ̀gbọ́n, ta ni ọmọ yìí ń pàṣẹ fún? Ṣé kò sẹ́ni tó kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ni? Ọmọ obìnrin tó fẹ́ lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé." Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kejì, wọ́n ká agbádá wọn sókè, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń wo aago.

Mo gbọ́ tí sípánà tún yí lábẹ́ ọkọ̀. Mo tẹ bíréèkì. Ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ó ṣì ń rọ̀ díẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n.

"Àṣàbí, sé bọ̀ǹ?"

Mo wo ojú Bàbá Masifa. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé wọ́n kọ́ mi nílé.

"Ó ti le, sà," ni mo wí.

Èmi tí mi ò pè wọ́n ní sà rí. Bàbá àgbà tún bi mí: "Ó dá ọ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Wọ́n máa ń dá wa ọkọ̀ náà lọ bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àbúrò wọn ti jókòó, ìyàwó ń dúró, ọmọ ẹlẹ́nu wọn sì ti ní ó le. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n wọ aṣọ, wọ́n lọ.

Nínú ìlú, bíréèkì mú díẹ̀díẹ̀. Ní ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí wọ́n tó dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, alùpùpù kan tó ru ẹ̀gẹ́ bọ́ sójú ọ̀nà. Bàbá àgbà tẹ bíréèkì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n yí ọkọ̀ kúrò lára alùpùpù, wọ́n wọ igbó, wọ́n fi ìmú ọkọ̀ gbá òkìtì ọ̀gán. Ẹgbò kékeré ni ti Bàbá àgbà. Orúnkún ọ̀tún Bàbá Masifa fọ́ mọ́ iwájú ọkọ̀, láti ọjọ́ náà kò ká mọ́.

Ní ilé ìwòsàn, gbogbo ẹbí ti pé. Wọ́n bi Bàbá àgbà pé ta ló ṣe bíréèkì. "Èmi ni," wọ́n ní. "Ọwọ́ mi ló ṣe é." Mo la ẹnu. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n fà mí lọ sí ìdí ògiri.

"Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́."

"Ọmọ obìnrin ni ọ́. Wọ́n á fi sọ ọ́ lórúkọ, á bá ọ délé ọkọ."

"N ò bìkítà."

"Dákẹ́, Àṣàbí," wọ́n ní. "Ìgbà tí mo fẹ́ kí o sọ̀rọ̀ ti kọjá."

Wọn ò pè mí sídìí bíréèkì mọ́. Wọn ò bá mi jà, wọn ò yí ìwà padà sí mi. Lẹ́yìn tí wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe, mo rí wọn tí wọ́n ń gbé dígí Ìyá àgbà jáde láti yàrá.

Bàbá Masifa kò wọ ilé ẹ̀gbọ́n wọn mọ́ títí ilẹ̀ fi gba ẹ̀gbọ́n náà. Wọ́n ní ẹni tí kò jẹ́ kí mẹkáníìkì gidi fọwọ́ kan mọ́tò ló sọ àwọn di arọ. Orí àga ni wọ́n ti ń kírun. Gbogbo Iléyá ni Bàbá àgbà ń fi itan àgbò ránṣẹ́ sí Masifa. Bàbá Masifa ń gba ẹran, wọn kì í dá ìkíni padà. Mo bẹ Bàbá àgbà nígbà tí ara wọn kò yá mọ́, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn wàyí. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, ewú ti wà lórí mi. Orúkọ wo ni wọ́n tún fẹ́ sọ mí?" Wọ́n mi orí. "Ìbínú yẹn ti mọ́ mi lára," wọ́n ní. "Má gbà á lọ́wọ́ mi."

Ìyẹn ni ọkùnrin tí wọ́n fi gbohùngbohùn pè ní ahun.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn àdúrà náà, mo wa ọkọ̀ mi lọ sí Masifa. Mo bá Bàbá Masifa níwájú ilé, ẹsẹ̀ wọn wà lórí àpótí. Mo kúnlẹ̀.

"Ọmọ Alájì. Ọkàn ti balẹ̀?"

"Kò balẹ̀, Bàbá. Ìjà ni mo bá wá."

"Ìjà kẹ̀? Kí o tó kúnlẹ̀ ni o ò bá ti sọ."

"Ẹ pe Bàbá àgbà ní ahun lójú èèyàn. Ẹ ní wọn kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Èmi ni wọ́n fọkàn tán. Ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ agbádá funfun, ẹsẹ̀ mi ló wà lórí bíréèkì, ó rọ̀, mo ní ó le. Ẹ ti ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Mo fẹ́ fi hàn yín pé mo ní in."

Adìẹ kan kọjá lábẹ́ àga wọn, wọn ò lé e.

"Ẹ̀gbọ́n mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀ láti ọjọ́ náà gan-an."

"Wọ́n mọ̀, wọ́n wá ń fi ẹran ránṣẹ́ sí mi." Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn tó wà lórí àpótí. "Gbogbo Iléyá." Wọ́n nawọ́ sí ọ̀pá wọn. "Mú fìlà mi wá. Gbé mi lọ sí Ẹ̀jìgbò."

Mo gbé wọn dé ilé wa. Ẹ̀yìn ilé ni sàréè Bàbá àgbà wà, iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ṣì pupa. Mo ní kí n gbé àga wá, wọ́n ní rárá. Wọ́n dúró lórí ọ̀pá àti ẹsẹ̀ kan, torí wọn ò lè lóṣòó. Mo rò pé wọ́n fẹ́ tọrọ àforíjì. Mo ti ń múra ẹkún sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," wọ́n ní, "ẹ ṣẹ̀ mí. Ẹ ṣẹ̀ mí gan-an. Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n máa bá yín jà lórí ohun tẹ́ ẹ ò ṣe, ẹ sì ń wò mí níran. Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n lọ dúró níwájú èèyàn, kí n bú yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nínú ilẹ̀. Ṣé bí èèyàn ṣe ń ṣe àbúrò nìyẹn?"

Èmi náà bínú sí Bàbá àgbà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ta ló ní kí wọ́n bá mi gbé ẹ̀bi náà? Ta ló ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀ yẹn?

"Bàbá," mo ní, "ẹ máa bá èmi jà. Èmi wà níbí, mo ṣì wà láyé."

Wọ́n yíjú sí mi. Omi wà lójú wọn, àmọ́ ojú náà le koko.

"Ìwọ?" wọ́n ní. "Dúró ná. Mi ò tíì dé orí tìẹ."

Wọ́n wá di èjìká mi mú kí wọ́n lè yí padà. Ó dùn mí, wọ́n sì mọ̀ pé ó ń dùn mí. Wọn ò tú u sílẹ̀ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà.